GPS alágbèéká nínú bàálù kékeré: ibi tí a ó gbé e sí, iná rẹ̀, àti ohun tó ń sọ fún wa

Arìnnà_Òfurufú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàálù oníjókòó mẹ́rin ni, ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè, iná rẹ̀ jẹ́ fóltì 28. Kò sí GPS tí wọ́n kàn mọ́ pátákó iwájú rẹ̀, alágbèéká la fẹ́ lò, irú èyí tí wọ́n ṣe fún bàálù, tó ti ní àwọn pápákọ̀ òfurufú àti ààlà òfurufú nínú. Ojúmọmọ nìkan la ń fò, ojú la sì fi ń wo ilẹ̀.

Mo ní ìbéèrè mẹ́ta. Ibo ló dára jù láti gbé e sí? Kí ló dé tí altimeter (aago tó ń sọ gíga bàálù) fi wà lórí ẹsẹ̀ bàtà 5,500 tí GPS ń pe 5,750, tí a sì ti tẹ QNH (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà ní ìpele òkun) tó péye sí i (ooru ìta jẹ́ dígírì 16)? Ẹ̀kẹta ló rú mi lójú jù: bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì rédíò 121.175 MHz, gbogbo igi tó ń fi agbára àmì sátẹ́láìtì hàn lójú ẹ̀rọ á wólẹ̀. Tí a bá bọ́ sórí ìkànnì mìíràn, wọ́n á padà dìde. Ṣé ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́ ni?

Baba_Áńtẹ́nà
Màá mú ti àkọ́kọ́. Àwọn sátẹ́láìtì GPS wà lókè ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200, àmì wọn tó ń dé ọ̀dọ̀ wa kò sì lágbára rárá. Irin èyíkéyìí tó bá dí i, ó parí. Nínú bàálù tí ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè, òrùlé àti ìyẹ́ ti gba apá ńlá lára ojú ọ̀run, nítorí náà orí pátákó iwájú, lábẹ́ gíláàsì gan-an, ni kí áńtẹ́nà wà. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè wà níbòmíràn bó bá ní áńtẹ́nà oníwáyà. Àmọ́ bí gíláàsì iwájú yín bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò kó lè máa gbóná, àmì kò ní gba ibẹ̀ kọjá. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ lò.

Rọ́bà tó ń fà mọ́ gíláàsì: omi àti ọṣẹ tí kò le ni kẹ́ ẹ fi nu ojú ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ gíláàsì bàálù kékeré kì í ṣe gíláàsì ní tòótọ́, pílásítíìkì ni, oògùn ìfọ-fèrèsé tó ní ammonia á sì jẹ́ kó sán wẹ́wẹ́. Ẹ mọ̀ dájú pé rọ́bà yẹn á já bọ́ lọ́jọ́ kan, pàápàá tí oòrùn bá ti pa á tàbí tí òtútù bá mú un. Ẹ fi okùn kékeré so ẹ̀rọ mọ́ ohun kan tó dúró, kó má bàa já lọ sábẹ́ pẹ́dáàlì nígbà tí ẹ bá ń balẹ̀.

Tó bá jẹ́ orí ọ̀pá ìdarí ni ẹ fẹ́ gbé e sí, ẹ fa ọ̀pá náà sẹ́yìn dé òpin, ẹ yí i sọ́tùn-ún dé òpin, ẹ yí i sósì dé òpin. Ẹ wá tún gbogbo rẹ̀ ṣe pẹ̀lú wáyà iná lára rẹ̀, pẹ̀lú ẹni tí yóò fò gan-an lórí ìjókòó, torí orúnkún ènìyàn kò dọ́gba. Bó bá kan itan tàbí throttle (ọ̀pá tó ń darí agbára ẹ́ńjìnnì), tàbí wáyà bá lọ́ mọ́ ohunkóhun, ibẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni kọ́ḿpáàsì. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì àti rédíò wà ní títàn, ẹ wo nọ́ńbà kọ́ḿpáàsì láìsí GPS nítòsí, kí ẹ wá gbé GPS sí àyè rẹ̀, kí ẹ tàn án, kí ẹ pa á, kí ẹ sì fa ṣájà yọ. Bí kọ́ḿpáàsì bá yí ju dígírì kan tàbí méjì lọ nínú èyíkéyìí, ẹ gbé ẹ̀rọ náà jìnnà. Ìdúró onímágínẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn ń lò fún fóònù nínú mọ́tò kò gbọ́dọ̀ wọ inú bàálù rárá.

OníWáyà
Ẹ kò bèèrè ti iná, ṣùgbọ́n fóltì 28 tí ẹ dárúkọ yẹn ṣe pàtàkì. Ṣájà mọ́tò tí wọ́n ṣe fún fóltì 12 nìkan lè jóná nínú bàálù yín. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: kó lè gba láti nǹkan bíi 10 dé 32 ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ló ní fíúsì kékeré nínú orí rẹ̀, tí ẹ bá tú u ẹ máa rí i. Ẹ ní méjì irú rẹ̀ nínú àpò.

Bátìrì inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi tàn án. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti dúró dáadáa ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ki ṣájà bọ ojú iná, torí iná máa ń lọ sókè sódò nígbà tí starter bá ń yí. Bí ẹ bá ń balẹ̀ tán, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì.

Ṣájà USB olówó pọ́ọ́kú ń pariwo lórí rédíò. Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ ṣí squelch (ohun tó ń pa ariwo rédíò mọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀) sílẹ̀ kí rédíò máa hó, ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ yọ ọ́. Tí ohùn híhó yẹn bá yí padà, ṣájà náà ń da rédíò láàmú, ó sì ṣeé ṣe kó máa da GPS láàmú pẹ̀lú. Kò sí àtúnṣe kan fún un ju pé kí ẹ wá òmíràn.

Ẹ má fi bátìrì lithium sílẹ̀ nínú bàálù tí wọ́n tì sínú oòrùn. Bí ara rẹ̀ bá ti wú, kódà díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fò mọ́.

Gbohùngbohùn
Ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́. Ìṣirò ni ọ̀rọ̀ 121.175 yẹn. GPS ń gbọ́ lórí 1575.42 MHz. Rédíò tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì kan máa ń da ohùn kékeré jáde lórí ìlọ́po ìkànnì náà pẹ̀lú. Ẹ sọ 121.175 di ìlọ́po 13, ẹ ó rí 1575.275, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gun GPS lórí. Ohun kan náà ni 121.150 àti 121.200 ń ṣe. Lókè, 131.250, 131.275 àti 131.300 ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, torí ìlọ́po 12 tiwọn náà ń bọ́ sí ibẹ̀. Ohùn yẹn kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n àmì sátẹ́láìtì kéré jù ú lọ fíìfíì.

Ẹ dán an wò lórí ilẹ̀, níta, kúrò lábẹ́ òrùlé. Ẹ ṣí ojú ewé sátẹ́láìtì, ẹ dúró títí igi yóò fi dúró ṣinṣin, ẹ sọ fún àwọn ará tower pé ẹ fẹ́ dán rédíò wò, ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ fi rédíò kejì ṣe é pẹ̀lú bí ẹ bá ní in. 121.5 ni ti pàjáwìrì, ẹ má fi dán ohunkóhun wò. Lẹ́yìn náà ẹ gbé áńtẹ́nà GPS jìnnà sí rédíò àti sí áńtẹ́nà rẹ̀ tó wà lórí òrùlé, ẹ tún dán an wò. Sẹ̀ǹtímítà 30 péré lè yí gbogbo rẹ̀ padà. Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í rántí ni ELT, ẹ̀rọ tó ń pe ìrànlọ́wọ́ bí bàálù bá já: áńtẹ́nà rẹ̀ lè gba ohùn rédíò kó sì dá a padà síta. Bí gbogbo ìyókù bá kùnà, ẹ sọ fún onímọ̀ ẹ̀rọ bàálù kó wo ibẹ̀.

Títí ẹ ó fi rí ojú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín kúrú lórí ìkànnì yẹn. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, GPS á tún ara rẹ̀ rí.

Ìyá_Olùkọ́
Ti altimeter wá kù. Kò sí èyí tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Altimeter ń wọn ìwúwo afẹ́fẹ́, ó sì gbà pé afẹ́fẹ́ ń tutù bí ìwé ṣe sọ: dígírì 15 ní ìpele òkun, dígírì 2 kúrò lórí ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kọ̀ọ̀kan. Ní 5,500 ó yẹ kó jẹ́ dígírì 4. Tiyín jẹ́ 16, ìyẹn fi 12 ju bó ṣe yẹ lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń ràn, nítorí náà ẹ ga ju ohun tí altimeter ń pè lọ. Ẹ fi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún dígírì 10 kọ̀ọ̀kan: 12 á fún yín ní nǹkan bí ìdá márùn-ún, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 260 àti díẹ̀. 250 tí ẹ rí kò jìnnà síbẹ̀. Nínú òtútù ó máa ń yí padà, ẹ ó wà nísàlẹ̀ ju bí altimeter ti wí lọ, ìyẹn ló léwu lórí òkè.

Ṣùgbọ́n altimeter ni kẹ́ ẹ máa fi fò. Gbogbo bàálù tó kù lójú òfurufú ń lo altimeter tí wọ́n tẹ QNH kan náà sí, àṣìṣe kan náà ló wà lára gbogbo wọn, nítorí náà wọ́n ń jìnnà síra wọn bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ń di gíga GPS mú nìkan ló máa bọ́ sọ́nà ẹlòmíràn.

Bí GPS yín bá jẹ́ irú èyí tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ nínú, ẹ lọ wò ó bóyá òun ló ń fi gíga hàn. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ kọjá lára bàálù ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde díẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ náà á máa pe gíga ju ti òdodo lọ.

Ojú ewé òkè àti ilẹ̀ náà: lórí ọ̀pọ̀ Garmin, pupa ni ilẹ̀ tó ga jù yín tàbí tó kù díẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 100, kó bá yín dọ́gba. Ìyeyè ni láti 100 dé 1,000 sísàlẹ̀ yín. Ẹ má ka ìyeyè sí àlàáfíà.

Ìlà_Tààrà
Ẹ ń mú un le jù. Ẹ tẹ orúkọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ tẹ Direct-to, ẹ tẹ̀lé ìlà. Ìdí tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ nìyẹn.

Ìyá_Olùkọ́
Ìlà náà kò mọ òkè, kò mọ ààlà òfurufú tí wọn kò gbà kí ẹ wọ̀, kò sì mọ ibi tí kò sí àyè tí ẹ́ńjìnnì lè kú lé. Ẹ fa ìlà lórí máàpù ìwé kí ẹ tó gbéra, ẹ sọ ọ́ di waypoint (àmì ojú ọ̀nà) mẹ́ta mẹ́rin tó yí ibi búburú po, ẹ wá tẹ ọ̀nà yẹn sínú ẹ̀rọ. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán tí ẹ bá fà á sẹ́yìn láti rí ọ̀nà gígùn: ẹ̀rọ á pa ààlà kékeré àti òpó gíga mọ́ kí ojú rẹ̀ má bàa kún. Ẹ sún un mọ́ra kí ẹ fi ojú tọ gbogbo ọ̀nà náà látòkèdélẹ̀ kí ẹ tó pa á.

Ọjọ́ 28 ni àyípadà ìwé òfurufú ń gbà ní gbogbo ayé. Ìwífún inú ẹ̀rọ tó ti pẹ́ lè ní ìkànnì rédíò tí wọ́n ti pààrọ̀ àti ààlà tí wọ́n ti sún.

Ti títẹ̀lé ìlà, nọ́ńbà méjì ni kí ẹ fi sójú kan: BRG, ìyẹn ìhà tí ibi tí ẹ ń lọ wà, àti TRK, ìyẹn ìhà tí bàálù ń lọ ní tòótọ́ lórí ilẹ̀. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ẹ ń lọ tààrà. Imú bàálù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé BRG jẹ́ 090, eré bàálù nọ́ọ̀tì 90, afẹ́fẹ́ ń ti àríwá bọ̀ ní nọ́ọ̀tì 20. Imú gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí 077 kí TRK tó lè jẹ́ 090, eré yín lórí ilẹ̀ á sì jẹ́ bí 88. Ẹni tó bá kọ imú sí 090 tó ń yí i tẹ̀lé BRG bí BRG ṣe ń yí, á dé o, ṣùgbọ́n á ya bí ọrun, á sì gba orí ilẹ̀ tí kò wò lórí máàpù kọjá.

Ìlà_Tààrà
Mo gbà lórí ti òkè. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ìlà ń ṣe gbogbo ìyẹn fúnni, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ tí a yà sí hàn.

Baba_Áńtẹ́nà
Abẹ́rẹ́ náà ní ìwọ̀n. Bí wọ́n bá tò ó sí máìlì ojú òkun 5, ìdajì ọ̀nà sí etí jẹ́ máìlì 2.5. Bí wọ́n bá tò ó sí 0.25, ibi kan náà lójú ẹ̀rọ kò ju máìlì kan lọ́nà mẹ́jọ lọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Kí ẹ sì wò ó bóyá àríwá mágínẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rọ náà ń lò tàbí àríwá òdodo. Bí kọ́ḿpáàsì àti GPS bá ń fi iye dígírì kan náà yàtọ̀ síra nígbà gbogbo, tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

OníWáyà
Màá fi ti títẹ nọ́ńbà ibi tí kò sí nínú ẹ̀rọ kún un. Oríṣi ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kọ ọ́. Bí ìwé bá kọ 7°21'45", ìṣẹ́jú 21 àti ìṣẹ́jú àáyá 45 ni, ìyẹn 21.75. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń gba ìṣẹ́jú oníìdá mẹ́wàá, tó sì tẹ 21.45, ti fi ìṣẹ́jú 0.30 ṣìnà. Ìṣẹ́jú kan láti gúúsù sí àríwá jẹ́ máìlì ojú òkun kan, nítorí náà ó ti fi nǹkan bíi mítà 556 sọnù. Ó kéré tó láti má hàn lójú ẹ̀rọ, ó sì tó láti sún yín kọjá pápá kékeré kan nínú kùrukùru. Àṣìṣe E àti W tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ: 2°E tó di 2°W jẹ́ máìlì 240 lórí ìlà ìdajì ayé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ ní kí ẹ̀rọ sọ ìhà àti jíjìn rẹ̀ láti pápákọ̀ kan tí ẹ mọ̀, ẹ fi rúlà wọn kan náà lórí máàpù. Bí wọ́n bá fi ju máìlì kan tàbí dígírì 2 yàtọ̀ síra, ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tún un tẹ̀.

Tábúlẹ́ẹ̀tì_Lókù
Ẹ má bínú, kí ló ṣe tí a ò kàn lè lo tábúlẹ́ẹ̀tì? Ojú rẹ̀ tóbi, máàpù rẹ̀ dára. Tí ìkùukùu bá sì bò wá, ṣé a ò lè fi jáde?

Gbohùngbohùn
Tábúlẹ́ẹ̀tì dára tó bá ní GPS. iPad tó jẹ́ Wi-Fi nìkan kò ní i nínú, èyí tó ní àyè síìmù ló ní in. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ra ẹ̀rọ ìgbámì tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí Bluetooth. Ẹ gba máàpù sínú rẹ̀ tán lórí ilẹ̀, ẹ wá pa íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ rí i bóyá ó ṣì ń ṣí. Ooru ló máa ń pa á jù: Apple sọ pé kó má kọjá dígírì 35 ní àyíká rẹ̀, oòrùn tó ń gba gíláàsì wọlé á sì tètè sún un kọjá ibẹ̀, á kọ ìkìlọ̀ ooru sójú, á sì pa àwòrán dé. Ẹ jìnnà sí àpò dúdú tó bo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì darí ihò afẹ́fẹ́ sí i.

Ìyá_Olùkọ́
Ti ìkùukùu, rárá o. Sátẹ́láìtì 4 ló tó láti mọ ibi tí ẹ wà àti gíga yín. Ó gbọ́dọ̀ di 5 kí ẹ̀rọ tó lè mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ń purọ́, ó gbọ́dọ̀ di 6 kó tó lè mọ ẹni tó jẹ́ kó sì yọ ọ́ kúrò. RAIM ni wọ́n ń pe ìmọ̀ pé ọ̀kan ń purọ́ yẹn. Àwọn GPS tí wọ́n kàn mọ́ bàálù, tó ní ìwé ẹ̀rí TSO-C129 tàbí C146, ló ní i lábẹ́ òfin. Alágbèéká kò ní irú ìwé ẹ̀rí yẹn, nítorí náà tí ọ̀kan bá ń purọ́ ó lè máa gbé yín lọ ní ẹ̀rín músẹ́. Ojú ewé tó jọ HSI (aago tó ń fi ìhà imú bàálù àti ìlà ọ̀nà hàn pọ̀) lórí rẹ̀ náà, láti inú TRK ni wọ́n ti fà á yọ, kì í ṣe láti inú gyro (ẹ̀rọ tó ń yí, tó ń mọ ìyípadà ìhà lójú ẹsẹ̀). Bí bàálù bá ń yí, ó ń fi ohun tó ti kọjá hàn yín.

Ewé "Nearest" tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn náà: jíjìn ló fi ń to pápá, kò mọ afẹ́fẹ́, kò sì mọ òkè tó wà láàárín. Bàálù tó ń yọ́ lọ síwájú ẹsẹ̀ bàtà 9 fún ẹsẹ̀ kan ìsàlẹ̀ ń gba nǹkan bíi máìlì 1.5 lórí ẹsẹ̀ bàtà 1,000. Bí ẹ bá fi 3,000 ga ju ilẹ̀ lọ, pápá tó wà ní máìlì 6 kì í ṣe tiyín, bó ti wù kó mọ́lẹ̀ lójú ẹ̀rọ tó.

Arìnnà_Òfurufú
Ẹ ṣé gan-an. Bí ẹ̀rọ bá wá kú lójú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ̀rọ àtijọ́ kan tún wà níbí tí a fẹ́ fi ṣe èkejì rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 1999 ló ń pè.

Ìyá_Olùkọ́
Ẹ má yí imú bàálù. Ẹ kọ àkókò sílẹ̀, ẹ dì ìhà yẹn mú, ẹ gbé máàpù. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ló yẹ kí ẹ ti máa fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ẹ wà kí ẹ̀rọ tó kú. Nọ́ọ̀tì 90 jẹ́ máìlì 1.5 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ṣírò rẹ̀ láti àmì tó kẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá rí ohun kan tó dájú nílẹ̀, odò tó tẹ̀ tàbí ìkóríta ojú irin, ẹ lo òfin 60 (yíyà máìlì kan lórí máìlì 60 jẹ́ dígírì kan): bí ẹ bá yà ní máìlì 2 lẹ́yìn máìlì 30, dígírì 4 ni ẹ fi yà. Bí ó bá ku máìlì 30, ẹ tún fi 4 kún un, ìyẹn 8 lápapọ̀, ẹ ó já sí ibi tí ẹ ń lọ.

Kì í sì í ṣe ikú nìkan. Àwọn agbègbè kan wà tí wọ́n ń da àmì GPS rú tàbí tí wọ́n ń fi àmì èké ránṣẹ́, ìlà oòrùn òkun Mẹditaréníà àti àyíká òkun Baltic wà lára wọn. Ẹ ka NOTAM, ìyẹn ìkìlọ̀ tí wọ́n ń kọ fún àwọn awakọ̀ òfurufú. Tí aago ẹ̀rọ bá fò sókè lójijì, tí eré lórí ilẹ̀ bá yí ní nọ́ọ̀tì 40 láìsí pé ẹ fọwọ́ kan throttle, ẹ gbé ojú kúrò lórí rẹ̀.

OníWáyà
Ti 1999 yẹn: ọ̀sẹ̀ 1,024 péré ni àmì GPS àtijọ́ lè kà kó tó padà sí òdo. Ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2019. Ibi tí ẹ wà lè tọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n àkókò tí oòrùn máa wọ̀ tó bá sọ fún yín kì í ṣe ti òní. Ẹ wò ó bóyá ẹni tó ṣe é ní àtúnṣe sọ́fítíwià fún un.

Tó bá ti pẹ́ nínú àpótí tàbí tí wọ́n gbé e rìn jìnnà ní pípa, ẹ gbé e síta lábẹ́ ọ̀run gbangba fún ìṣẹ́jú 15 kí ó tó wọ bàálù. Ìṣẹ́jú 12 àti ààbọ̀ ni gbígba àkọsílẹ̀ gbogbo sátẹ́láìtì tán ń gbà.

Baba_Áńtẹ́nà
Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ní simulator, tí ẹ lè fi jókòó sílé kí ẹ kọ́ bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹ lò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sí títàn, á máa fi bàálù kan tí kò sí hàn yín, tó ń fò pẹ̀lú eré tó dúró ṣinṣin àti gíga tí kò yẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbi ìdúró, ẹ ṣí ewé sátẹ́láìtì, ẹ rí i pé kò kọ simulator síbẹ̀, ẹ sì wo eré: nígbà tí táyà dúró, òdo ló gbọ́dọ̀ pè.